Èyí Tó Ya

Eulalia jókòó sórí àga onígi lẹ́bàá fèrèsé,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi dì í,
ó wá sọ àgbọ̀n rẹ̀ di ọ̀pá àṣẹ:
ó na àgbọ̀n síhìn-ín, mo gbé ìkòkò,
ó na àgbọ̀n sọ́hùn-ún, mo ń wá iyọ̀.
Èmi Nazario, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún irin rélùwéè ṣe
láti Las Cruces títí dé El Paso,
n ò mọ ibi tí ṣíbí ń sùn nínú ilé ara mi.

“Ata yẹn ti rọ̀. Lọ̀ ọ́. Má da omi rẹ̀ nù.”
Ata pupa gbígbẹ, ata àfonífojì wa,
tó ti ń rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìgbà ìkórè.
Mo fi aáyù sí i, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ,
mo sì fi ọwọ́ kan náà nu ojú.
Ẹ má bi mí ní ohun tójú rí.
Eulalia rẹ́rìn-ín títí símẹ́ǹtì fi ń gbá tábìlì.

Adìyẹ ti jinná, ó ti tutù díẹ̀.
Mo ń fa ẹran rẹ̀ ya.
“Ṣé okùn lo fẹ́ fi dè wá ni? Jẹ́ kó wẹ́ sí i.”

Ó wá ku tọ̀tíyà, àgbàdo pẹlẹbẹ.
Ká a ní tútù, yóò ya.
Jẹ́ kó pẹ́ nínú òróró, yóò gan, yóò tún ya.
Ó ní kí n kàn bọ̀ ọ́ ni, kí n yọ ọ́,
bí ẹni fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ omi odò wò nígbà òtútù.
Mo bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo kó ẹran sí i nínú,
mo ká a bí ẹní àlejò tó ti lọ,
mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kó má baà tú.
Ìkíní dúró.
Ìkejì dúró.
Ìkẹta ya.
Mo ní, ó yá, ó kù díẹ̀; ó ní, rárá, ó ya.
Mo ní kí n yà á sọ́tọ̀ fún ajá.
“Igun ni kó o tẹ́ ẹ sí,” ló wí. “Lẹ́yìn, lápá òsì. Fi ọbẹ̀ bò ó.”
Kíá ló sọ ọ́,
bí ẹni tó ń júwe ilé ara rẹ̀ fún awakọ̀.

Méjìlá ló kún àwo. Ọbẹ̀ lórí, wàràkàṣì lórí ọbẹ̀,
mo ti ilẹ̀kùn ààrò.
Níta, atẹ́gùn oṣù kẹta ń da iyanrìn lu gíláàsì.
Chayo dé pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀,
Abundio dé láti oko, eruku ṣì wà ní bàtà rẹ̀,
ìyá mi ti jókòó láti aago mẹ́rin,
fọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Nígbà tí wàràkàṣì ń hó pòrò-pòrò,
tí etí àwo ti dúdú díẹ̀,
mo gbé e wá sáàárín wọn.
Eulalia sì na ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́,
ó nà án tààrà sí igun yẹn.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!
Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé,
“Ẹ fi igun sílẹ̀ fún ìyá yín, ibi tó gan ló fẹ́ràn.”
Èmi náà gbà á gbọ́.
Èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ bù láti àárín.

Mo yí àwo náà po.
Mo fi ṣíbí gbé èyí tó ya, ó tún já sí méjì lọ́nà,
mo kó o sínú abọ́ mi.
Èyí tó dúró dáadáa, ìkíní, ni mo gbé fún un.
Àgbọ̀n rẹ̀ kò lọ síbì kankan.
Ó wò mí, ó wo abọ́ mi,
ó ní kí n fi aṣọ nu ọbẹ̀ tó wà ní etí mi.

Ìyá mi tọ́ ọ wò.
Iyọ̀ kò tó, ni wọ́n wí,
wọ́n sì tún bù sí i.