Oró

Ní Brisbane, Despina fi ìgò tín-ín-rín
fa oró lẹ́nu alántakùn dúdú.
Ẹ̀kán kan péré.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró lọ́nà orí,
ọpọlọ a máa kan bí ọbẹ̀ àná;
kíkan á kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì,
sẹ́ẹ̀lì á ṣí i fún ikú.
Oró yìí ni àgádágodo.

Bàtà ni bàbá rẹ̀ fi ń pa alántakùn
nínú oko ìrèké ní Bundaberg,
kí ẹ̀gbà tó mú apá ọ̀tún,
kí orúkọ ọmọ tó há a lọ́fun.
Títí dòní, eku nìkan ni oògùn náà tíì gbà là.

Lálẹ́, ó sọ fún un.
Ẹnu bàbá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín,
ó ń wo bàtà rẹ̀.