Ìwé Ìṣubú

Lẹ́yìn Arówómọ́lẹ̀, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
àpáta kan nà gbalaja bí màlúù tó yó.
Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fi ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì yọ̀ wálẹ̀;
ibẹ̀ ni mo jókòó sí, èmi, aago àti bírò,
mò ń ka orúnkún tó bó.

Ọ̀gá mi ní ó níbi tí yìnyín ti ń bo òkè,
tí èèyàn ń de pákó mọ́ ẹsẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀,
tí àwọn kan sì jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń wọn eré,
tí wọ́n ń wọn bí egungun ṣe ń dá.
Yìnyín tí mo mọ̀ kò ju ti òjò oṣù kẹrin lọ,
èyí tó ń lu páànù bí òkò.

Oyèdìran: ó yọ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún,
ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Igbá ìyá rẹ̀ ló fi ṣe àṣíborí. Igbá ti fọ́.
Orí wà.

Ìyádùnní: kò ṣubú rárá.
Mo bi í léèrè ọgbọ́n tó ń dá.
Ó ní, “Bí mo bá ti rí i pé mo máa ṣubú,
màá ti jókòó kí ilẹ̀ tó pè mí.”

Kò sí ojú ìlà tí mo lè kọ ìyẹn sí.
Nírọ̀lẹ́, mo yá kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Ẹ bá mi fi orúnkún tèmi kún un.