Yàrá Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni gbogbo ẹ̀,
orin tí Wilfred Sugden kọ fún ìwúyè Méyọ̀:
fèrè idẹ mẹ́sàn-án, ìlù ńlá, ìlù wẹ́wẹ́,
àti aro olóhùn gooro, tèmi,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Lórí ìwé mi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ pín ìlà sí yàrá,
yàrá mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sẹ́ni nínú wọn.
Inú ìkejìdínláàádọ́ta ni àmì kan wà,
bíńtín, bí èèrà tó ṣìnà.
“Moro,” ni Sugden wí, ibi tí ahọ́n wọn mọ nìyẹn,
“má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ṣe é dáadáa.”

Hálífásì, oṣù Èbìbí, òtútù ò tíì kó ẹrù ẹ̀ lọ.
Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú wọ́n ń mí sínú idẹ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Maureen da itọ́ inú fèrè ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ìjọba,
ó fi bàtà pa á rẹ́, ó wojú mi,
a rẹ́rìn-ín bí olè.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀pá ìdarí gòkè.
Idẹ bú jáde.
Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó ṣe fún àyà mi,
èmi tí mo ti iṣẹ́ òru bọ̀ láti ilé ìwòsàn,
tí oorun ṣì kún orúnkún mi.
Mò ń kà, lábẹ́ ahọ́n, lédè ìyá mi:
ogún. Ọ̀kànlélógún.
Yàrá kan ṣí, yàrá kan tì.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Sugden pé Méyọ̀ tuntun ń tiro.
Orin ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá ló kọ.
Ìyá àgbà náà ti ọ̀pá ẹ̀ síwájú, kò,
ó wọ́ ṣéènì oyè tẹ̀ lé e, kò,
àga ṣì jìnnà bí owó oṣù.

Mẹ́tàlélógójì. Mẹ́rìnlélógójì.
Ibí yìí ni èdè mi ti í yíjú padà:
kì í ka ohun tó kọjá mọ́,
iye tó kù kó pé ló ń kà.
Àádọ́ta dín márùn-ún. Dín mẹ́rin. Dín mẹ́ta.
Ìwé ní ó tó. Apá mi ti gòkè.
Sugden mi orí, rárá. Ìka ẹ̀ yí po:
ẹ padà sílé.

Fèrè padà síbẹ̀rẹ̀ láì mí.
Aro wúwo lọ́wọ́ mi bí ìbejì tó ti sùn.
Mi ò wo ìwé mọ́. Ọ̀pá ni mò ń gbọ́.
Kò.
Kò.
Má ṣubú, ìyá. Mi ò ní í sáré jù ọ́ lọ.
Ó kan àga. Ó yí padà. Ó jókòó

ṣààn!

Gbogbo fèrèsé dáhùn.

Moróhunmúbọ̀ lorúkọ mi ní kíkún.
Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gòkè lọ sí Ovenden
ọwọ́ mi ṣì ń dún.
Mo kì í bọ àpò,
kó má baà dà sílẹ̀.