Méjìdínlógún

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gbé iṣẹ́ dé láti Ìdúmọ̀tà
lọ́jọ́bọ̀, òjò ń fọ́n:
ẹgbẹ̀ẹ́dógún páálí fíìmù,
ó fẹ́ ẹ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Lójú páálí, obìnrin kan wà nílẹ̀,
ọkùnrin kan dúró lé e lórí pẹ̀lú àdá.
Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ débi pé
a tún ra íǹkì pupa kún íǹkì pupa.

“Ìjọba ní kí n kọ méjìdínlógún sí i,” ló wí,
ó ń wo bàtà rẹ̀ tó rin.
“Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó pariwo.
Ẹni tó bá rí i, kó rí i;
ẹni tí kò bá rí i, owó tiẹ̀ náà owó ni.”

Mo kọ ọ́.
Mo kọ ọ́ kó kéré bí ẹyin iná orí,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ obìnrin náà,
níbi tí pupa ti bo pupa.
Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú,
mo mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó má kúrò lẹ́nu.

Àwọn ọmọ ló máa ń bá wa ṣẹ́ páálí po.
Ìka wọn tín-ín-rín, búrẹ́dì àti mílíìkì lowó wọn.
Lábẹ́ tábìlì ni Ìbíyẹmí jókòó,
ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án,
ó ń ṣẹ́ obìnrin náà sí méjì,
ó ń fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́,
ọ̀kan, èjì, igba, irinwó.
Mi ò rí i.
Jẹnẹrétọ̀ ń ta pàrà, òun ni mo ń wò.

Nígbà tí èmi náà kéré, ní Bárígà,
ojú fèrèsé Bàbá Kàrímù la ti ń wo tẹlifíṣàn.
Bí àwọn olè bá ti yọ ìbọn,
ìyá mi á fa etí ìró rẹ̀ bò mí lójú.
Ìró náà ti gbó, mo ń ríran láàárín òwú.
Èyí tí n kò rí, mo gbọ́ ọ:
ìró aṣọ ò ṣe é fi bo ìró ìbọn,
etí ò ní ìpéǹpéjú.
Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbóná lójú mi,
mo mọ̀ pé ẹnìkan ò fẹ́ kí n rí i.
Bóyá ìyẹn náà ni gbogbo òfin ọ̀hún.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, Ìbíyẹmí ò sùn.
“Bàbá mi, kí ló ṣe fún un?”
“Ta ni?”
“Obìnrin yẹn. Mo ń ṣẹ́ ẹ, ó ń wò mí.”
Mo ní ọ̀dà ni. Mo ní òṣèré ni,
pé ó ti dìde, ó ti fọ ẹsẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀bà.
Ó gbọ́. Ó kọjú sí ògiri.
Èmi gan-an ò gba ara mi gbọ́.

Ní ìdájí Àbámẹ́ta mo gé pélétì mìíràn:
méjìdínlógún, tó tó ẹyin adìẹ,
dúdú lórí yẹ́lò, ẹgbẹ̀ẹ́dógún,
àpò mi ni owó bébà ti jáde.
Ó wá ku ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.
Mo wo ṣọ́ọ̀bù yí ká.
Ta ló ní ìka tó yá bẹ́ẹ̀?
Àwọn ọmọ náà ni.

Mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ bo àdá ọkùnrin yẹn.
Gọ́ọ̀mù ń gbẹ sí wọn lọ́wọ́ bí ìpẹ́ ẹja.

Ṣówándé dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé.
Ìlàjì owó ló san.
Bó ṣe ń wọkọ̀ ló ń fi èékánná họ ọ̀kan
bóyá yóò ṣí.
Kò tètè ṣí.

Ìbíyẹmí ti fi ẹyọ kan pamọ́,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀.
Ó ka ìka, ó dúró, ó tún kà.
“Bàbá mi, ó ku ọdún mẹ́sàn-án fún mi.
Ẹ̀yin ńkọ́?”
Mo pé mẹ́rìnlélógójì lóṣù tó kọjá.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.