Funfun Nìkan

Òjò Chiloé kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá.
Ó ń lu páànù, ọmọ mi ń ti abọ́ sẹ́yìn.
Funfun nìkan ni Rayén ń jẹ:
ìrẹsì, mílíìkì, inú búrẹ́dì
tí mo ti bó èèpo rẹ̀ bí ẹni bó ẹyin.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ṣíbí ṣe ọkọ̀ ojú omi;
ọkọ̀ dé èbúté, èbúté tilẹ̀kùn.
Mo ní ebi yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.
Ebi dé, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.
Mo jágbe. Ó sunkún. Mo lọ sunkún ní bálùwẹ̀.
Ìyá mi, Hortensia, ń wò wá láti ìdí ààrò:
"Eliseo, ìwọ náà fi ọdún kan gbáko
jẹ ìyẹ̀fun yíyan lásán.
Ṣé o kú ni?"

Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ sóko.
Kò dárúkọ oúnjẹ. Wọ́n ń tú ilẹ̀.
Rayén hú pòtétò kékeré kan,
aláwọ̀ àlùkò, ó wọ́ bí ìka ẹsẹ̀ arúgbó.
Ó ní, "Tèmi ni."
A sè é. A gbé e síwájú rẹ̀. Kò jẹ ẹ́.
Ó kì í bọ àpò ẹ̀wù òjò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò sọ nǹkan kan. Ahọ́n ń yún mi.

Lóru, mo ń sá ẹ̀wù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná,
ọwọ́ mi kan ohun tútù.
Mo gbé e sábẹ́ àtùpà:
ojú eyín mẹ́rin,
àti iyọ̀ díẹ̀ tí n kò bù fún un.