Okùn Eléyín Mọ́kànlélógún

Ní Rochdale, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ò dá,
mo gbé àpótí géèmù dúdú sábẹ́ abíyá,
mo wọ ìsọ̀ ọ̀gbẹ́ni Kílẹ́gì lábẹ́ afárá rélùwéè.
"Irú tẹlifíṣọ̀n wo ló wà nílé?" ó bi mí,
bíi dókítà tó ń béèrè ibi tó ń dunni.

Mo ní tuntun ni, pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn mi lọ,
àmọ́ kò sí ihò ohun àtijọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀.
Ó mi orí. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ.
Okùn lọ́ mọ́ okùn níbẹ̀ bí ìfun ẹran.

"Ti ẹ́ríálì nìyí. Yìnyín ló ń rù wá.
Ohùn àti àwòrán ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo,
wọ́n ń fi ìgúnpá gbún ara wọn.
Olórí ìyeyè yìí sàn díẹ̀,
ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ a máa ṣàn
bí aṣọ tí aró rẹ̀ ò mú.
Èyí wàá"
(àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, bí ọmọ àná)
"sìkáàtì ni. Eyín mọ́kànlélógún.
Pupa ní ọ̀nà tirẹ̀, àwọ̀ ewé ní tirẹ̀, búlúù ní tirẹ̀,
ẹnìkan ò tẹ ẹnìkan mọ́lẹ̀."
Pọ́n-ùn méjìdínlógún.
Àpótí kékeré tí yóò máa túmọ̀ èdè rẹ̀
fún tẹlifíṣọ̀n tuntun, ogójì.
Mo rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ lèmi náà, ní ọsibítù,
mo mọ ohun tó máa ń já sílẹ̀ lọ́nà.

Mo sanwó. Owó náà dùn mí dé egungun.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn, tẹlifíṣọ̀n wa ń jẹ owó:
àádọ́ta pẹ́nì sínú ihò ẹ̀yìn rẹ̀,
ó di àárín eré, pàá, ó kú.
Bàbá á ti lọ síṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì,
èmi àti Fọláhàn á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì
a ó máa já páàdì gbà lọ́wọ́ ara wa.
Omi kan wà nínú géèmù yẹn, ó ń já láti orí àpáta,
ó mọ́ gaara, wàá rí igi lẹ́yìn rẹ̀.
Fọláhàn ní bí omi ìlú ìyá wa ṣe rí nìyẹn.
Kò débẹ̀ rí.

Mo ki sìkáàtì bọ ihò. Àwòrán mú bí abẹ.
Mo sá, mo fò, mo dé ibi omi.
Kò sí omi.
Ìlà ni. Ìlà funfun, àlàfo, ìlà funfun, àlàfo,
bí eyín òòyà tí wọ́n so kọ́ ara àpáta.

Mo pe Kílẹ́gì. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn:
"Bí wọ́n ṣe yà á gan-an nìyẹn.
Okùn burúkú ló ń pò ó pọ̀ di omi.
Àwọn tó yà á mọ̀
pé okùn burúkú ló wà nílé yín."

Fọláhàn ń bọ̀ láti Dundee lọ́jọ́ Ẹtì.
A ò tíì jókòó pọ̀ látìgbà tí a pín ẹrù Bàbá.
Mo rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹ̀ pátá,
àti ibi tó dúró sí, àti kọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà lọ ra olórí ìyeyè. Pọ́n-ùn méjì.
Mi ò dá sìkáàtì padà o,
mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù, mo tì í sábẹ́ àga.
Mo tan iná. Ojú ìran ṣú díẹ̀,
pupa ń ṣàn jáde lára aṣọ akọni kékeré yẹn,
mo sì jẹ́ kó máa ṣàn.
Mo dúró ti omi náà títí tíì mi fi tutù.