Èjìká Òsì

Lúkúmọ́nù gbé fóònù sí mi lójú ní ṣọ́ọ̀bù:
"Àǹtí, ẹ wò ó dáadáa. Kóòtù yìí gan-an ni mo fẹ́."
Mo wò ó. Ta ni kò mọ kóòtù Pàkúté?
Aláwọ̀ ọsàn, apá kan gùn ju ìkejì lọ,
bọ́tìnnì mẹ́ta, ihò mẹ́rin,
èjìká kan lókè, ìkejì nílẹ̀.
Ọmọ Pópó-Ọba tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa gbogbo Ẹ̀pẹ́
kí kíndìnrín tó mú un lọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Iyanrìn sàréè rẹ̀ ṣì tutù.

"Ti kánífà àdúgbò ni. Ẹ ki fóòmù sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kó wú,
kí ẹ rán àpò kan mọ́ àyà rẹ̀
tí n ó ki igi ọ̀rá dírípù bọ̀,
bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fídíò
tó fi bẹ̀bẹ̀ owó ìtọ́jú."

Mo ní, "Ṣé kò ti pọ̀jù báyìí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni òun náà dá sí?"

Òótọ́ ni.
Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń kólòlò papò dà,
wọn ò tíì jẹ ìrẹsì fídáù rẹ̀ tán ní Lágbàdé
tí Pàkúté ti ń kólòlò lórí pèpéle.
Èmi náà jókòó níbẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní òkú ò mọ iye a ragọ̀.
Èmi mọ iye tí mo gbà: ẹgbẹ̀rún méje náírà.
Ẹ má pè é lẹ́kú. N kò júbà ẹnikẹ́ni,
téèpù ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo tẹ ẹ̀rọ, ó ń sáré.
Àwọn bàbá wa tó ń gbé òkú wọ̀,
ojú ara wọn ni wọ́n ń bò.
Lúkúmọ́nù ò bo nǹkan kan.
Òkú ló tú sí ìhòòhò, ojú tirẹ̀ ń dán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wá láti Maríínà,
ó ń tiro bọ̀, ọ̀rá ń jì lórí igi ìgbálẹ̀,
ó rọ Fáńtà sínú rẹ̀.
Ẹ̀rín bú. Ẹnìkan dì mọ́ òpó iná kó má baà ṣubú.
N kò ní parọ́: mo rẹ́rìn-ín,
àfi bí ẹ̀rín ṣe há mi lọ́fun bí egungun ẹja,
torí mo rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn,
lórí àga ike, nínú aṣọ funfun.
Kò wọlé.

Ó dé ní òwúrọ̀. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.
Kò kí mi. Ó fọwọ́ kan òwú lára ẹ̀rọ.
"Èjìká òsì Mùsílíù ló máa ń rẹlẹ̀. Ọ̀tún lo rán an sí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló já bọ́ lórí igi àgbọn,
egungun náà ò jinná dáadáa.
Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di eré."

Mo dákẹ́.

"Kóòtù, ẹ máa wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n dírípù yẹn,
èmi ni mò ń gbé e tẹ̀lé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́.
Kò fi ìyẹn ṣeré fún ẹnikẹ́ni.
Ọjọ́ tó fi bẹ̀ yín, èló lẹ fi ránṣẹ́?"

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni.
N kò lè sọ ọ́.

Mo gba kóòtù padà, mo fi abẹ tú àpò náà,
mo gbé èjìká lọ sí òsì.
Lúkúmọ́nù bi mí pé èló ni.
Mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ han ìyá náà.

Kò tíì wá mú un.
Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ mi,
ó tẹ̀ sí òsì.